Tìjání Wẹ́dà àti Ẹni Tó Ní Kó Tà Á

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí fóònù kì í kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kí ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ Tìjání. Ìkìrun ló ń gbé, iṣẹ́ wẹ́dà, ìyẹn jíjó irin pọ̀, ló ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́ níbi iṣẹ́, ara rẹ̀ sì yọ̀ mọ́ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: bí nǹkan bá ti ń dùn mọ́ ọn, kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dúró, inú rẹ̀ kì í sì í dùn sí ẹni tó bá ní kó dúró.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀rún irin gbígbóná ta sí i lójú ọ̀tún. Dókítà sọ fún un pé bí wọn kò bá ṣe iṣẹ́ abẹ fún un kí oṣù méjì tó pé, ojú náà á fọ́. Tìjání ta jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ owó kò pé. Ìgbà náà ló lọ bá Tíṣà Awóyẹmí, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì níbi iṣẹ́ olùkọ́, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé ó ń ṣòwò nínú ọjà tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù kan lórí fóònù, ó ní kí bàbá náà kọ́ òun.

Ọjà yìí kò dà bíi tẹ́tẹ́ tí a ń ta ní ìsọ̀. Níbẹ̀, àwọn ènìyàn ló ń ra tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Bí o bá rà á pé ẹgbẹ́ kan yóò borí, tí ẹgbẹ́ náà sì gbá góòlù wọlé, ohun tí o rà yóò gbówó lórí. O lè tà á fún ẹlòmíràn kí eré tó parí, kí o mú èrè díẹ̀ jáde, ẹgbẹ́ yòówù kó padà borí.

"Tà kó tó tutù," ni Tíṣà máa ń wí. "Èrè kékeré ni kó o mú. Má sì fi owó ojú rẹ sí i. Èyí tí kò ní dùn ọ́ bó bá sọnù ni kó o fi ṣe é."

"Mo gbọ́, Tíṣà. Ẹ ṣeun."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi tẹ̀lé ìmọ̀ràn náà, ó sì ń rí èrè díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń dùn ún, ọjọ́ sì ń lọ. Ọ̀sán Sátidé kan, láìsọ fún Tíṣà, láìsọ fún Sìdíkátù ìyàwó rẹ̀, ó kó gbogbo owó iṣẹ́ abẹ tó ti kó jọ lé ẹgbẹ́ kan lórí, ó wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà láti wo eré náà. Kí ìlàjì àkọ́kọ́ tó parí, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbá góòlù méjì wọlé. Tìjání ń rẹ́rìn-ín. Ó na fóònù sí Tíṣà.

Bàbá náà rí iye tó wà níbẹ̀, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Owó ojú nìyí?"

"Òun ni, Tíṣà. Bí mo bá tà á báyìí, owó dókítà pé. Bí mo bá dúró dé òpin, owó tí mo fi sí i á di ìlọ́po méjì."

"Tà á."

"Ṣé ẹ ò rí góòlù méjì ni?"

"Mo rí i. Tà á."

Inú bí Tìjání. "Ẹ̀rù ló ń bà yín. Ẹ̀rù yìí ni kò jẹ́ kí ẹ lówó títí ẹ fi darúgbó."

Ọ̀rọ̀ náà dun bàbá, ṣùgbọ́n kò bínú. Ó ní, "Tìjání, bí owó náà bá pọ̀ tán, ojú wo lo máa fi wò ó?"

Tìjání gba fóònù rẹ̀ padà. Ó fi ìbínú tẹ fóònù, ó tà á. Ó dìde, kò tilẹ̀ kí bàbá pé ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tó délé, ó jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún Sìdíkátù, ó ní arúgbó kan ti gba oúnjẹ lẹ́nu òun.

Nígbà tó ṣe, ó mú fóònù láti mọ iye tí ì bá ti jẹ́ tirẹ̀. Eré ti parí. Ẹgbẹ́ kejì ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé, wọ́n ti na ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fi ojú òsì tún un wò dáadáa. Ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Owó dókítà ńkọ́?" ni Sìdíkátù bi í.

"Ó pé. Bí bàbá yẹn kò bá sọ̀rọ̀ ni, kọ́bọ̀ ì bá má kù."

"Ẹ dìde nígbà náà, Bàbá Ràmọ́tà. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Tìjání dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà. "Ẹ foríjì mí, bàbá. Ẹ ti gbà mí là, èébú ni mo fi san án fún yín."

Tíṣà fà á dìde. "Mo mọ bó ṣe ń rí. Èmi náà kọ̀, n ò tà nígbà kan. Ilẹ̀ tí bàbá mi fi sílẹ̀ ló bá a lọ. Kò sí ẹnì kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ náà tó lè ní kí n tà."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà, ó yọrí sí rere. Tìjání yọ ọjà tẹ́tẹ́ kúrò lórí fóònù rẹ̀, ó padà sídìí irin. Géètì Tíṣà tó ti wọ́ ló kọ́kọ́ tún ṣe. Nígbà tí bàbá kówó jáde, Tìjání di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Tíṣà, ẹ dá a padà sápò. Ojú tí ẹ gbà là fún mi ni mo fi jó o."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má fi ohun tí ẹ kò lè rà padà ta tẹ́tẹ́. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ dúró nígbà tí ayé ń dùn mọ́ yín, ẹ má pè é ní ọ̀tá. Ẹ gbọ́ tirẹ̀, kí ẹ sì padà lọ dúpẹ́, nítorí ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.