Ife Kan Tí Dúrótoyè Fi Bu Oògùn Méjì

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé ìsàlẹ̀ kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Bí ẹ bá jẹ́ ẹni tó máa ń dá ṣiṣẹ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì.

1.
Ọmọ Ìlàjẹ ni Dúrótoyè. Ọkọ̀ ojú omi onífáíbà ló ń kàn létí omi ní Warri, yàrá kan ló sì gbà ní àdúgbò Igbudu níbẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi fojú kan ìyá rẹ̀ nílé. Ó máa ń sọ pé, "Ọjọ́ tí mo bá máa lọ, ọkọ̀ tèmi ni màá gbé lọ."

Òun àti Babáyẹmí ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Oògùn méjì ni wọ́n ń fi sí rẹ́síìnì, oje tó ń mú fáíbà le: kóbáàtì àti kátálìsì. Òfin wọn ni pé ẹni tó bá mú kóbáàtì kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan kátálìsì. Babáyẹmí á kọ́kọ́ po kóbáàtì mọ́ rẹ́síìnì dáadáa, lẹ́yìn náà ni Dúrótoyè á wá kán kátálìsì sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Rẹ́síìnì nìkan lè wà nínú gálọ́ọ̀nù fún oṣù púpọ̀ láìle, nítorí òkè kan wà níwájú rẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò ká. Kátálìsì ló ń tì í gòkè. Ṣùgbọ́n kátálìsì náà ní òkè tirẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù, á máa fà. Kóbáàtì ló ń rẹ òkè yẹn sílẹ̀ fún un. Nínú rẹ́síìnì, gbogbo rẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, ooru rẹ̀ kò sì pọ̀. Bí oògùn méjèèjì bá wá pàdé láìsí rẹ́síìnì láàárín wọn, ohun tó yẹ kó gba ogún ìṣẹ́jú á ṣẹlẹ̀ kí èèyàn tó ṣẹ́jú.

2.
Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan yin ọkọ̀ wọn. Dúrótoyè fọ́nnu pé, "Èmi nìkan ni mo kàn án. Eléyìí kàn ń bá mi gbé ike ni."

Babáyẹmí gbọ́. Kò jà. Ó ká aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó lọ.

Láti ọjọ́ náà, rédíò nìkan ló ń bá Dúrótoyè sọ̀rọ̀. Á na ọwọ́ sẹ́yìn kó gba búrọ́ọ̀ṣì, kò ní sí ẹni tó máa gbé e lé e lọ́wọ́. Ó dùn ún gan-an, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ wúwo láti sọ pé "má bínú."

3.
Ìyá rẹ̀ fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ ọgọ́rin ọdún. Ó ránṣẹ́: "Dúrótoyè, ojú mi ti ń ṣú. Wá, jẹ́ kí n rí ọ."

Babáyẹmí gbọ́, ó sì wá bá a. "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ń lọ sílé ní Ìlàjẹ ní Fúráìdè. Mo ti gba àyè kan sílẹ̀ fún yín."

"Kí n wọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lọ bá ìyá mi? Èyí tí mò ń kàn fún ara mi máa parí lọ́la."

"Òjò ń rọ̀, rẹ́síìnì kò ní tètè le. Abeg, no rush am. Ẹ jẹ́ kí n bá yín mú oògùn kan."

"I no need you!"

Lọ́jọ́ kejì, òtútù mú, rẹ́síìnì kọ̀, kò le. Ó ní òun á fi oògùn kún un. Ife tí Babáyẹmí fi ń bu kóbáàtì ṣì kọ́ sára ìṣó, kò wò ó. Ife kan ṣoṣo ló fi bu kóbáàtì, ó dà á sínú ike. Díẹ̀ kù ní ìdí ife. Ó bu kátálìsì lé e.

Iná bú gbàù sí i lójú.

"Babáyẹmí!" ló ń ké. Rédíò ló ń dáhùn. Ó pẹ́ kí àwọn tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe lódìkejì tó sáré dé.

4.
Ojú méjèèjì lọ. Ọkọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì gbéra ní Fúráìdè, àyè kan ṣófo nínú rẹ̀. Nígbà tó padà dé ní Mọ́ńdè, ìyá Dúrótoyè, tó ti gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ló jókòó sí àyè náà. Babáyẹmí ló mú un lọ́wọ́ wọ ọsibítù.

Dúrótoyè ní, "Ìyá, ẹ sọ bí ẹ ṣe rí fún mi."

Ìyá fọwọ́ pa á lójú. Ó sunkún. "Ojú tèmi náà ti ṣú tán, ọmọ mi. Mo rò pé ìwọ ló máa wá máa bá mi ríran."

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo oògùn tó ń múṣẹ́ yá, ẹ ya ife wọn sọ́tọ̀, ẹ bo ojú yín, ẹ má bá òtútù jà. Bí ìgbéraga bá sì ti lé ẹnìkejì yín lọ, ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ lónìí. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí.