Iná Pupa Abẹ́ Ìbọn Ọ̀jẹ́wùmí

Láti ọjọ́ tí ọ̀gá mi, Sájẹ́ǹtì Ọ̀jẹ́wùmí, ti so iná tuntun mọ́ abẹ́ ìbọn pélébé rẹ̀ ni kì í ti í kí ènìyàn mọ́. Iná ló fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, ó pupa bí ẹyọ iyùn kan, ó ń tọ́ka ibi tí ọta máa bà. Ìwà yẹn ń bí mi nínú.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan, a ń ṣọ́ ọ̀nà ilé ìlagi àtijọ́ nígbà tí ọkùnrin kan yọ látinú ọyẹ́. Ewé gbígbẹ ló ń tẹ̀, síbẹ̀ a ò gbọ́ ìró kankan.

“Ẹ kú iṣẹ́ o.”

Ọ̀jẹ́wùmí na ìbọn, iná pupa bà lé ọkùnrin náà láyà.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a lóhùn,” mo ní.

Ọkùnrin náà wo àyà rẹ̀. Ó fi ìka méjì ṣa iná náà bí ẹni ṣa èèrà lára aṣọ, ó sì pa ọwọ́ dé.

Ọ̀jẹ́wùmí tẹ iná rẹ̀ léraléra. Kò tàn mọ́.

Àlejò náà rìn dé iwájú wa, ó na ọwọ́ méjèèjì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

“Ẹ gbà, ọ̀gá. Nǹkan yín ló bọ́ sí mi lára.”

Ó la ọwọ́. Iná pupa náà wà níbẹ̀, ó ń mí.