Irọ́ tí Dhansukh Pa Nípa Ètè Àna Rẹ̀

Irọ́ ni àrùn Dhansukh. Tó bá ní òjò ń rọ̀, ẹ kọ́kọ́ na ọwọ́ síta. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, rọra, mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ tìẹ.

Ilé iṣẹ́ anilíìnì, kẹ́míkà olómi kan, ní ìlú Vapi níbí ní Íńdíà, ni òun àti Vallabh, ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fi anilíìnì ṣe aró, wọ́n ń fi ṣe oògùn ibà. Ṣùgbọ́n tó bá kan ara, á wọnú ẹ̀jẹ̀, ètè á dú bí aṣọ aláró kí èèyàn tó mọ̀ pé nǹkan ń ṣe òun. Torí náà, méjì méjì là ń ṣiṣẹ́, ká lè máa wo ètè ara wa. Ojú ẹnìkejì ni dígí wa. Ẹni tí ètè rẹ̀ bá dú á lọ gba ìtọ́jú, ẹnìkejì á dúró parí iṣẹ́ méjèèjì.

Lọ́jọ́ ọdún káìtì, tí gbogbo ìlú ń fi okùn fa káìtì bébà sójú ọ̀run láti orí òrùlé, ọkàn Dhansukh ti wà lórí òrùlé pẹ̀lú káìtì rẹ̀. Vallabh yọ ìbòjú.

"Àna mi, wò mí. Orí ń fọ́ mi díẹ̀."

Ètè ọkùnrin náà ti ń dú. Dhansukh rí i kedere.

"Ó pọ́n bíi ti ìyàwó tuntun," ló wí. "Ebi ló ń pa yín. Àbí ẹ̀gbọ́n mi ò dáná fún yín ni?"

Vallabh rẹ́rìn-ín, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Káìtì Dhansukh ò tíì ga tí wọ́n fi gbé Vallabh lọ sọ́síbítù.

Orí kó o yọ. Dhansukh búra pé òun ò rí nǹkan kan, Vallabh sì gbà á gbọ́ nítorí ìyàwó rẹ̀. Wọ́n tún jọ ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, páìpù jò sínú bàtà Dhansukh.

"Dhansukh, ètè ẹ ti dú. Bọ́ bàtà yẹn, ká máa lọ."

Dhansukh bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ lọ purọ́ fẹ́lòmíì. Èmi tí mo pa á fún yín lọ́jọ́ ọdún, ṣé n ò ní mọ̀ ọ́n ni?"

Síbẹ̀, Vallabh sáré lọ pe ọ̀gá. Kí wọ́n tó dé, Dhansukh ti ṣubú. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀.

Kò kú, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ ò bọ̀ sípò mọ́. Lọ́dún káìtì tó kọjá, orí àga ló jókòó sí nísàlẹ̀, tí gbogbo àdúgbò wà lórí òrùlé. Vallabh ló ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ. Kì í wo ojú rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Ká má gba òpùrọ́ gbọ́ mọ́, ìyẹn kéré. Èyí tó burú ni pé òun náà ò ní lè gba ẹnikẹ́ni gbọ́, kódà tí òtítọ́ bá wá gbà á là. Ẹni tó fi ojú rẹ ṣe dígí, má ṣe purọ́ fún un. Ó yá, ká tó wọṣẹ́, ẹ wo ètè ara yín. Òótọ́ ni kẹ́ ẹ sọ o.