Ìṣẹ́jú Mẹ́rin

"Olè lẹni tó ta àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ yìí fún mi!" Ọkọ ń fapá jánú, ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún tàn án. "Kọ̀ǹpútà tuntun tí mo fọwọ́ ara mi tò ló ń wọ́ bí ìgbín! Odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin kó tó ṣí!"

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í.

Ọkọ yọjú wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Dísìkì àlòkù kan ló rí níbẹ̀, òun ni ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹ̀ wò kó tó ṣí.

"Ta ló ki pàǹtí yìí bọ̀ ọ́?"

"Èmi ni."

"Ṣé orí ẹ pé?"

"Ó pé dáadáa! Tó bá ti ṣí, ẹ ò mọ̀ mí mọ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn nìkan ni mo fi ń lọ́kọ nílé yìí!"

Ọkọ lanu láti fèsì. Kọ̀ǹpútà dún, ó ṣí. Kó tó mọ̀, ojú rẹ̀ ti yí síbẹ̀.