Ìyẹ́ Lékeléke Lórí Omi

Àlọ́ mi fò, kò lọ jìnnà. Etí àbàtà ló balẹ̀ sí, ó bà lé Lékeléke lórí.

Lékeléke ò mọ ohun tó ń jẹ́ yó. Lọ́jọ́ kan, ó tu ìyẹ́ kan lápá ara rẹ̀, ó jù ú sójú omi, ìyẹ́ ń mì bí eṣinṣin. Ó dárin:

Ẹja àbàtà, oúnjẹ ti dé,
Tẹ̀rẹ̀, wá jẹ ẹ́.

Ẹja yọjú, Lékeléke gbé e mì. Bó ti ń gbé ọ̀kan mì ló ń tu ìyẹ́ mìíràn. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní, "Ọ̀gbẹlẹ̀ ń bọ̀ o." Ó ní, "Ìyẹ́ á tún hù."

Ọ̀gbẹlẹ̀ dé kí ìyẹ́ tó hù. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fò lọ sódò ńlá; òun na apá, kò kúrò nílẹ̀. Ó bẹ Àrọ̀, ẹja tí òun ti jẹ ọmọ rẹ̀ tán, pé kó gba òun.

Àrọ̀ ní, "Èmi á sùn sínú ẹrẹ̀ títí òjò á fi dé. Ìwọ ńkọ́?"

Eṣinṣin gidi ti ń bà lé Lékeléke lójú, kò sì lágbára láti lé wọn. Wọ́n gba orin ẹnu rẹ̀:

Oúnjẹ ti dé,
Tẹ̀rẹ̀, wá jẹ ẹ́.

Ibẹ̀ ni àlọ́ mi bà sí. Kò fò mọ́.