Bébà Imú Bàtà

Àga tó ń fò gbé Màmá Adépèlé àti Ìmísí, ọmọ-ọmọ rẹ̀, wọ ilé àkójọ bàtà àtijọ́. Ìmísí ti pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n bíi ti gbogbo ọmọ ìgbà rẹ̀ tí àga ń gbé kiri, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ rí.

"Màmá, kí ni bébà ń ṣe ní imú bàtà yìí?"

Irú bàtà náà ni bàbá Màmá fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un nígbà èwe, tó tóbi jù ú lọ, tó sì ki bébà sí imú rẹ̀. "Ẹsẹ̀ rẹ á kún un," ni bàbá wí. Ṣùgbọ́n ojú ti Màmá láti wọ bàtà ńlá, kò wọ̀ ọ́ títí bàbá fi kú.

"Wọ́n fi ń gbààyè sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ tó ń dàgbà ni," Màmá dá Ìmísí lóhùn.

Ìmísí wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó rọ̀ múlọ́múlọ́. "Ṣé tèmi náà á kún un?"

Dípò kí ó sọ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ fún ẹsẹ̀ tí kò rìn rí, Màmá rọra ti bébà náà wọlé sí i ní imú bàtà.