Ààbò Tó Ń Fa Sáfà Sẹ́yìn

Ara ń fu Ọláìtán sí Christianah láti àárọ̀.

Christianah ló ń bójú tó sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ wọn ní Yaba. Òun ló fi ààbò tuntun sínú kánẹ́ẹ̀lì rẹ̀, ìyẹn ètò àárín gbùngbùn tó ń darí rẹ̀, kí ètò kan má baà máa yọjú wo àṣírí ètò mìíràn nínú pirósẹ́sọ̀, ọpọlọ kọ̀ǹpútà náà.

Láti ìgbà náà ni sáfà ti ń falẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Christianah yọ ààbò yẹn," ni Ọláìtán wí fún ọ̀gá wọn. "Àwọn kọ́sítọ́mà ti ń sá lọ."

Christianah yíjú sí Ọláìtán. Ó kàn ń wò ó.

Kí ló ń wò? Àbí ó mọ nǹkan kan ni?

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Christy, jọ̀ọ́, yọ ọ́."

"Ó dáa, sà." Ó tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ díẹ̀.

Ọláìtán padà sáyè rẹ̀. Ó rọra ṣí ètò kékeré tó ti fi pamọ́ sínú sáfà, èyí tí yóò máa bá a jí páswọ́ọ̀dù àwọn kọ́sítọ́mà kó.

Kò rí páswọ́ọ̀dù kankan.

Ó tún un ṣe. Òfìfo ni.

Ó bojú wẹ̀yìn. Christianah ló dúró síbẹ̀, ọ̀gá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì yọ ààbò náà," ni Christianah wí. " Kí lẹ ń wá níbẹ̀?"